Wọ́n Ní Ó Ṣẹlẹ̀. Ta Ló Wá Ṣe É?

Báńkì kan tí mi ò ní dárúkọ yọ owó mi lẹ́ẹ̀mejì lórí nǹkan kan ṣoṣo tí mo rà. Mo pè wọ́n, mo kọ̀wé, mo tún pè, wọ́n ní kí n máa dúró, orin ń dún létí mi, ìgbà tó yá ni wọ́n wá fi ímeèlì ránṣẹ́ pé "an error occurred on your account". Ó parí síbẹ̀. Wọ́n dá owó yẹn padà ṣá o, torí náà mi ò bá wọn jà mọ́, gbólóhùn yẹn gan-an ni ò kúrò lọ́kàn mi. Àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan, kò sẹ́ni tó gbàgbé nǹkan kan, àṣìṣe yẹn dá gbéra nílé ara ẹ̀ ni, ó wọkọ̀, ó dé inú àkáǹtì mi, ó jẹun yó, ó bá tiẹ̀ lọ.

Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìgbà yẹn, kò síbi tí mi ò ti gbọ́ irú ẹ̀. Mo tan rédíò, wọ́n ní "an unfortunate incident occurred". Agbẹnusọ ọlọ́pàá ní àwọn ń ṣèwádìí "what transpired". Mo bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní alẹ́ Sátidé le gan-an, pé nígbà tó fi máa di aago méjì òru, "it kicked off", ìyẹn ni pé ìjà bẹ́ sílẹ̀, ní ibi tí wọ́n ti ń gba àwọn aláìsàn pàjáwìrì. Mo wá ṣí ibi tí mo ń kọ nǹkan sí lórí fóònù mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í to gbogbo ọ̀rọ̀ òyìnbó tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, ti ayé àtijọ́ àti ti ìgboro òde òní: happen, occur, transpire, befall, betide, come to pass, go down, pop off. Wọ́n pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Bí mo ṣe ń tò wọ́n ni mò ń bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìbéèrè kan náà: ìwọ yìí, tí wọ́n bá ti sọ ẹ́ tán, ṣé a ṣì lè mọ ẹni tó ṣe é?

## Ọ̀rọ̀ méjì péré ní Pentagon

Èyí tó dá mi dúró jù nínú gbogbo ẹ̀ ò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. "Stuff happens." Donald Rumsfeld, tó jẹ́ mínísítà ètò ààbò Amẹ́ríkà nígbà yẹn, ló sọ ọ́ ní Pentagon, olú ilé iṣẹ́ ètò ààbò wọn, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2003.

Ẹni tó bá ń wo CNN nígbà náà á rántí bí nǹkan ṣe rí. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni wọ́n fa ère Saddam lulẹ̀ ní Firdos Square ní Baghdad. Ìjọba ti fọ́n ká, ọlọ́pàá ti sá wọlé, sójà Amẹ́ríkà ló kù nígboro, làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ilé iṣẹ́ ìjọba, wọ́n ń kó àga, wọ́n ń kó fíríìjì, wọ́n wọ ọsibítù pàápàá, wọ́n sì wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè Ìráàkì, níbi tí nǹkan bí 15,000 ẹrù ti bá wọn lọ, òmíràn nínú wọn ti wà láyé kí wọ́n tó bí Ábúráhámù.

Àwọn oníròyìn wá bi Rumsfeld léèrè. Inú ń bí i sí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní àwòrán kan náà ni wọ́n ń gbé jáde ṣáá, ẹnì kan tó ń gbé vase jáde látinú ilé kan, ẹ mọ vase, ìkòkò ọ̀ṣọ́ tí òyìnbó ń kó òdòdó sí, ó ní ẹ máa rí i nígbà ogún, ẹ ó wá máa bi ara yín pé ṣé vase tiẹ̀ lè pọ̀ tó báyìí ní gbogbo orílẹ̀-èdè yẹn ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún bi í síwájú, ìgbà yẹn ló wá ní "stuff happens". Ó ní òmìnira kì í wà ní mímọ́ tónítóní, pé ẹni tó bá lómìnira lómìnira láti ṣàṣìṣe àti láti hùwà ọ̀daràn.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí vase yẹn díẹ̀. Lára ohun tí wọ́n jí kó ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn, ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Warka Vase. Ó ti tó nǹkan bí 5,000 ọdún, ìlú Uruk ni wọ́n ti wú u jáde, òkúta alabaster ni wọ́n gbẹ́ ẹ, gíga ẹ̀ tó nǹkan bíi mítà kan. Tó o bá wo ara ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, omi ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ohun ọ̀gbìn lókè omi, lẹ́yìn ìyẹn àwọn àgùntàn tó tò tẹ̀lé ara wọn, lókè wọn àwọn ọkùnrin tí wọn ò wọṣọ tí wọ́n gbé agbọ̀n àti ìkòkò dání, lókè téńté ni wọ́n ti ń gbé ọrẹ yẹn lọ fún Inanna, òrìṣà obìnrin wọn. Ẹni tó gbẹ́ ẹ fi sùúrù ṣe é. Àwọn olè ṣẹ́ ẹ kúrò nídìí tó fi dúró. Oṣù kẹfà làwọn kan tó dá a padà, ó sì ti fọ́. Torí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè Rumsfeld ni pé rárá o, irú vase bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè yẹn. Ọ̀kan ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú sí i torí pé kò bìkítà. Èmi, gírámà ẹ̀ ló ká mi lára jù. "Stuff" ni nǹkan tí kò lórúkọ, "happens" ni ìṣe tí kò lẹ́ni tó ṣe é, ó wá kó àwọn méjèèjì pọ̀, ló bá di pé ohun tí kò lórúkọ ti ṣe ara ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní oṣù kìíní ọdún yẹn, kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ rárá, McGuire Gibson, ọ̀mọ̀wé kan ní University of Chicago tó mọ ilẹ̀ Ìráàkì dáadáa, ti lọ bá wọn ní Pentagon pé ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn o. Lọ́jọ́ tí wọ́n sì ń kó o, sójà Amẹ́ríkà wà níwájú ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó epo rọ̀bì, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Wọ́n mọ ilé ṣọ́ tí wọ́n bá fẹ́. Àwọn baba wa ní ẹni tó gbé epo lájà ò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀, epo tí wọ́n ní lọ́kàn yàtọ̀ sí ti Baghdad ṣá.

Rumsfeld kọ́ ló dá gbólóhùn yẹn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgboro ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà ti ń sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, "shit happens" ni tiwọn, ó wá tàn kálẹ̀ débi pé wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò. Rumsfeld kàn fọ ẹnu ẹ̀ mọ́ ni, ó gbá ìgbẹ́ kúrò, ó fi "stuff" sí i. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀ ni ẹni tí ọ̀ràn kọjá agbára ẹ̀: táyà bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, ọ̀gá lé e níṣẹ́, òjò ba ọjà ẹ̀ jẹ́, ó mí kanlẹ̀, ó ní ó ti ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn, ó ń bá tiẹ̀ lọ. Mákáníìkì mi ń sọ irú ẹ̀ lójoojúmọ́, mi ò sì rí àbùkù kankan níbẹ̀. Àmọ́ tí ẹni tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun ń dúró de àṣẹ ẹ̀ bá wá yá ọ̀rọ̀ aláìlágbára lò, ọ̀rọ̀ yẹn ti di nǹkan mìíràn, kódà kí díkíṣọ́nárì ṣì fún méjèèjì ní ìtumọ̀ kan náà.

## Àga tí ẹnì kan jókòó lé tẹ́lẹ̀

Ibẹ̀ ni mo ti padà sẹ́yìn lọ wo àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá òyìnbó ti ń sá fún orúkọ ẹni tó ṣe nǹkan láti ilẹ̀ wá ni. Ohun tí mo bá níbẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí mò ń wá.

"Happen" wá látinú "hap". Àwọn Viking, àwọn ará Scandinavia tó gbógun wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ wọn sì jókòó síbẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn làwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba "happ", oríire ló sì jẹ́ lẹ́nu àwọn yẹn. Ibẹ̀ náà ni "happy" ti yọ, ẹni orí ẹ̀ gbè ni "happy" kó tó di ẹni tínú ẹ̀ ń dùn. Ẹni orí ẹ̀ ò gbè ni "hapless". "Perhaps" àti "mishap", ìyá kan náà ló bí wọn. Torí náà tí ará Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà yẹn bá ní nǹkan ṣẹlẹ̀ sí òun, ohun tó ń sọ lábẹ́ ẹ̀ ni pé ìpín òun ló gbé e wá.

Kí wọ́n tó gba èyí, wọ́n ti ní "wyrd" tiwọn. Wyrd ni àyànmọ́. Nínú Beowulf, ewì àtijọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, akọni inú ẹ̀ ń múra àtilọ kojú abàmì ẹ̀dá tó ń pa èèyàn lóru, ó ní wyrd á máa lọ bó ṣe gbọ́dọ̀ lọ ni. Shakespeare náà pe àwọn àjẹ́ mẹ́ta inú Macbeth ní "weird sisters", kì í ṣe pé ìwà wọn rí ràdàràdà ló ń sọ, àwọn tó mọ kádàrá ẹ̀dá ni. "Weird" táwọn ọmọ wa wá ń pe ẹnikẹ́ni tó bá múra lódì lónìí, àyànmọ́ ni nígbà kan o. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá wyrd tan, "weorthan", ti kú, àfi ibì kan tó ṣì ti ń mí nínú Bíbélì King James, Ìsíkíẹ́lì 30 ẹsẹ 2, "Woe worth the day". Gbogbo ìgbà tí mo bá ń kà á tẹ́lẹ̀, mo rò pé iye owó ni "worth" yẹn. Ohun tó ń sọ ni pé kí ègbé ṣẹlẹ̀ sí ọjọ́ náà.

Nínú ìyókù, èyí tó pọ̀ jù dá lórí kí nǹkan já bọ́. "Befall" hàn kedere. "Accident", "incident", "case", "chance", Látìn ni gbogbo wọn ti wá, "cadere", kí nǹkan ṣubú, bóyá látòkè lé ọ lórí, bóyá bí ọmọ ayò táwọn atatẹ́tẹ́ dà sílẹ̀. Àwa náà ń sọ pé ọ̀ràn já lù mí, èyí ò ṣàjèjì. "Occur" ń sáré bọ̀ wá pàdé ẹ. "Betide", àsìkò ló gbé e dé, láti ayé tí "tide" ṣì ń jẹ́ àsìkò.

Ohun tó wá yé mi ni pé àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ yìí ò fi ẹnikẹ́ni pa mọ́. Ẹnì kan jókòó lórí àga. Orúkọ ẹ̀ lè jẹ́ Wyrd, ó lè jẹ́ oríire, ó lè jẹ́ Ọlọ́run, ó dá wọn lójú pé ó wà níbẹ̀, wọ́n ń bẹ̀rù ẹ̀, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Bí àwa náà ṣe ń ní àyànmọ́ ò gbóògùn nìyẹn, kì í ṣe pé a ò mọ ẹni tó yàn án. Ó wá di ìgbà kan tí wọn ò gba Wyrd gbọ́ mọ́, wọ́n ní kó dìde, ó dìde, ó lọ, àmọ́ wọn ò gbé àga ẹ̀ kúrò nílé. "It happened" ṣì wà bó ṣe wà, inú ẹ̀ ló ti ṣófo. Mo rò pé látìgbà yẹn ni ẹnikẹ́ni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n rí òun ti ń wá bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀, mínísítà, báńkì, ọ̀gá ilé iṣẹ́, gbogbo wọn ni àga yẹn gbà.

## Ó sì ṣe

Ẹni tó bá ka Bíbélì Yorùbá láti kékeré mọ "ó sì ṣe". A tiẹ̀ máa ń fi ṣeré lẹ́yìn ìsìn, tẹ́nì kan bá fẹ́ sọ ohun tí ìyàwó pásítọ̀ wọ̀ wá, á kọ́kọ́ sọ ohùn kalẹ̀ bí ẹni tó ń ka Bíbélì, "ó sì ṣe ní ọjọ́ wọ̀nyí". Ohun tí King James ti 1611 ń pè ní "and it came to pass" nìyẹn. Odidi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, ló sì ṣagbátẹrù iṣẹ́ yẹn.

Mo tún lọ ka Lúùkù orí 2. "Ó sì ṣe ní ọjọ́ wọ̀nyí, àṣẹ ti ọ̀dọ̀ Késárì Ọ̀gọ́sítù jáde wá." Ẹ wò ó dáadáa. Gbólóhùn ò tíì parí, wọ́n ti dárúkọ ẹni tó pàṣẹ. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e tún dárúkọ ẹni tó jẹ́ gómìnà ní Síríà nígbà yẹn. "Ó sì ṣe" kàn ń kó wa wọ inú ìtàn ni, èèyàn ẹlẹ́ran ara ló kù tó ń ṣe nǹkan níbẹ̀, wọ́n lórúkọ, wọ́n lóyè, wọ́n nílùú. Ẹ wá fi wé lẹ́tà táwọn ilé iṣẹ́ ń kọ: "an incident occurred", fúlùsítọ́ọ̀pù. Wọ́n mú ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, wọ́n fi parí ìtàn.

## Òógùn ọ́fíìsì

Ti "transpire" ò ní pẹ́, mi ò kàn lè fò ó ni, torí bóyá la fi máa rí àkọsílẹ̀ tẹ́ṣàn kan tí ò ní sí níbẹ̀. Látìn náà ni, kí nǹkan mí gba ara jáde, bí òógùn. Látibẹ̀ ló ti di kí àṣírí jò. Samuel Johnson, nínú díkíṣọ́nárì ẹ̀ ti 1755, rojọ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni wọ́n ti kó ìlò yẹn wọlé láìnídìí. Ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, Abigail Adams, ìyàwó ẹni tó padà di ààrẹ kejì Amẹ́ríkà, ti ń fi kọ lẹ́tà, kò jẹ́ àṣírí mọ́ o, "ṣẹlẹ̀" lásán ni. Àwọn olùkọ́ gírámà bínú, wọ́n kọ̀wé, wọ́n pariwo, ọ̀rọ̀ yẹn ò dá wọn lóhùn. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí àṣírí tú tẹ́lẹ̀ ló wá di èyí tí wọ́n fi ń bo àṣírí mọ́lẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà tiẹ̀ rí èyí tó ju ìyẹn lọ: "officer-involved shooting". Ìbọn dún, ọlọ́pàá kan wà nítòsí, bóyá òun ló yìn ín, bóyá òun ni wọ́n yìn ín fún, ẹ lọ ṣírò ẹ̀. AP, ilé iṣẹ́ ìròyìn ńlá yẹn, ti wá fi sínú ìwé ìlànà ẹ̀ fáwọn oníròyìn pé kí wọ́n yéé lò ó, kí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

## Ìgboro ń béèrè ni

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìgboro ló máa burú jù nínú àkójọ mi, torí òun la máa ń sọ pé kò ní láárí. Irọ́ ni. Ẹ wò wọ́n: "what's happening?", "what's going down?", "what's popping?", "what's good?" Púpọ̀ nínú wọn, ẹnu àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tàn kálẹ̀. Àwọn òyìnbó oníṣẹ́ ọnà náà gbé "happening" sọ́wọ́ tiwọn, Allan Kaprow ṣe ìfihàn kan ní New York ní 1959 tó pè ní "18 Happenings in 6 Parts", àwọn èèyàn ń rìn láti yàrá kan sí òmíràn, ẹni tó wá wòran náà ń kópa. Lẹ́yìn ìyẹn ló di pé ẹni tó bá gbáfẹ́ ni "happening guy", tó fi dé ọ̀dọ̀ àwa náà. "What's up?" tiẹ̀ ti di ilé iṣẹ́, òun ni wọ́n fi sọ WhatsApp lórúkọ ní 2009, ó wá ku ìdílé wo lọ́dọ̀ wa tí ò ní gúrúùpù níbẹ̀ tí àǹtí kan ń fi àdúrà àárọ̀ ránṣẹ́ láago márùn-ún.

Nílé ńkọ́? "Wetin dey happen", "wetin sup", "how far". Wọ́n sì ti wá gba "ṣẹlẹ̀" lọ́wọ́ wa, wọ́n fi sínú pijin, "wetin shele", ọmọ Ìgbò á bi ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ Benin á bi ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á tẹ "kilonshele" pọ̀ mọ́ra bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni.

Ìbéèrè ni wọ́n jẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn, ó sì pẹ́ kí n tó rí i. Ọ́fíìsì ń sọ fún ọ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, kó o lè dákẹ́. Ìgboro ń bi ọ́ pé kí ló ṣẹlẹ̀, kó o lè sọ̀rọ̀. Tó o bá sì máa dáhùn, gist lo máa fún wọn, kò sì sí gist tí kì í lórúkọ èèyàn nínú. Tí mo bá ní wetin dey happen, tó o wá dá mi lóhùn pé "an incident occurred", mo máa mọ̀ pé o ti gbé ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún mi. Kódà "it kicked off" tí ẹ̀gbọ́n mi sọ lọ́jọ́ yẹn, kò tíì mí tán tí mo fi ní ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kíá ló ti sọ: ọ̀mùtí kan ló bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀, ó jù ú lu ẹni tó jókòó sí iwájú ẹ̀, ìyẹn náà ò sì fẹ́ gbà. Ó tiẹ̀ mọ àwọ̀ bàtà yẹn.

## Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi sọ

Mo ro gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, mo ń retí pé á gbóṣùbà fún mi. Ó gbọ́ mi títí, ó wá ní, "Àbúrò mi, o ò tíì jókòó ti ẹni tí oyún ẹ̀ kú sí i nínú rí." Ó ní àwọn obìnrin yẹn, ìbéèrè àkọ́kọ́ ẹnu wọn ni kí ni mo ṣe, kí ni mo jẹ, ṣé ẹrù tí mo gbé ni, ṣé àtẹ̀gùn tí mo gùn ni. Ó ní nígbà míì kò sí nǹkan kan tẹ́nì kan ṣe, òun á sì di ọwọ́ wọn mú, òun á wo ojú wọn, òun á ní kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ ṣe o, ó kàn ṣẹlẹ̀ ni. Ó ní tóun bá bá wọn wá orúkọ ẹni tó ṣe é lọ́jọ́ yẹn, orúkọ ara wọn ni wọ́n máa mú wá.

Mi ò rí èsì fọ̀. Ó tún wá bi mí pé, ìwọ tó ń pe òyìnbó lẹ́jọ́, èdè tiwa ńkọ́? Ó sì tọ́. Àwọn agbẹjọ́rò òyìnbó ní "act of God" tí àwọn onínṣọ́ránsì fi ń ti ilẹ̀kùn, àwa náà ní "àmúwá Ọlọ́run", a ní "iṣẹ́ ayé", a ní "ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ kan nínú" tí ọwọ́ yẹn ò ní lápá, tí apá ò ní léjìká. Wọ́n jó ilé Fẹlá ní Kàlàkúta ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977, ọ̀sán gangan ni, ogunlọ́gọ̀ sójà ló wà níbẹ̀, wọ́n ju ìyá ẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, látojú fèrèsé, màmá yẹn ò sì yè é, wọ́n kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó, wọ́n jáde wá pẹ̀lú òyìnbó ọ̀rọ̀ méjì: "unknown soldier". Kò sí ọmọ Yorùbá tó bá dàgbà tó tí kò mọ gbólóhùn yẹn. Èmi rò pé ẹ̀gbọ́n "stuff happens" ni, ó tiẹ̀ fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n jù ú.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ò kúrò lọ́kàn mi, mo sì fi tún àkójọ mi tò. Mi ò bá "hap" jà mọ́. Ọmọ tó kú sínú ìyá ẹ̀ láìnídìí tí dókítà mọ̀, ti "hap" ni, ti Wyrd ni, ẹni tó bá ní ó kàn ṣẹlẹ̀ ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ààrá tó sán pa màlúù nínú pápá, mo fi sílẹ̀ fún un. Àmọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2021, ilé alájà 21 wó ní Gerrard Road ní Ìkòyí, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́, ó pa èèyàn tó lé ní 40, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọn tó wá ṣiṣẹ́ òòjọ́. Mo padà lọ wo bí àwọn ìwé ìròyìn òyìnbó wa ṣe kọ ọ́, "building collapses", ilé yẹn ló ṣe é, ilé ló dá pinnu. Tiwa lédè Yorùbá ò sì sàn jù, "ilé wó" ni. Àwọn tó wá kí àwọn ẹbí ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni.

Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹnì kan ló ya pílánù ilé yẹn, ẹnì kan ló buwọ́ lù ú, ẹnì kan ló ra irin, ẹnì kan ló po kọnkéré, ẹnì kan ló ní kí wọ́n tún gbé àjà mìíràn lé e.